Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa, Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ àti Gíà Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Amójútó Ọkọ̀ bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún)



Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́. Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan láàrin wa dábàá pé kí a ta ọkọ̀ ògbólógbòó ti ẹgbẹ́ wa fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, nítorí pé ó ti jẹ kílọ́ọ̀ṣì méjì láàrin ọdún kan. Ẹ ní kí a lọ wádìí bóyá títúnṣe ni ó yẹ tàbí títà. A ti wádìí. Ìdáhùn wa ni pé ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ wá. Àwa ni a kò béèrè ohun tí ń ṣe é.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ọkọ̀ yìí. Volkswagen ni, irú èyí tí àwọn ará Èkó sọ ní dánfó. Ọdún 1950 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ọkọ̀ yìí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Brazil ni ó ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn, ní ọdún 2013. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lónìí, ògbólógbòó ni ó ní, àtọ́jú ni ó sì kù fún un.

Ẹ kò gbàgbé òru ọjọ́ tí ọkọ̀ náà gbé aboyún kan láti abúlé oko, tí a ń gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó. Bí a ti kọjá Ọyẹ́, tí a ń gun òkè kí a tó dé Ìfàkì, ẹ́ńjìnì ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Òórùn ohun tí ń jóná gba inú ọkọ̀ kan. Àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀, wọ́n tì í títí ó fi sú wọn. Bí kò bá ṣe ti awakọ̀ kan tí ó ń ti Ìkọ̀lé bọ̀, tí ó sì gbé ìyá náà, ọ̀rọ̀ ìbá ti di ohun mìíràn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá àti ọmọ wà láàyè. Òru yẹn ni kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ tí ẹ rán wa.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe nínú ọkọ̀? Ẹ́ńjìnì kì í yé yí. Bẹ́ẹ̀ ni táyà níláti lè dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà àwọn méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo kan wà lára ẹ́ńjìnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláìwíìlì. Àwo kílọ́ọ̀ṣì fara ti irin náà, irin mìíràn tí ó ní sípíríìngì sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, agbára ẹ́ńjìnì yóò kọjá sínú àpótí gíà, yóò sì dé táyà. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wáyà yóò mú kí bíárìn ti sípíríìngì náà, àwo yóò sì bọ́. Nígbà náà ni a lè yí gíà. Ní gbígbẹ ni àwo yìí ń ṣiṣẹ́. Bí òróró bá kàn án, yóò máa yọ̀ bí ẹni tí ó tẹ ilá mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ àwo. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìkọ̀lé. Bàbá kò mú sìpánà rárá. Ó ní, "Àwo tí wọ́n yọ dà?" A fún un. Ó gbé e sí imú, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òróró ẹ́ńjìnì kọ́ nìyí. Òróró gíà ni. Ó ń rùn bí imí ọjọ́."

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Rọ́bà kékeré kan wà níbi tí ọ̀pá irin àpótí gíà ti yọ sí kílọ́ọ̀ṣì. Síìlì ni wọ́n ń pè é. Òun ni kì í jẹ́ kí òróró gíà jò. Ó ti gbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àwo, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú rẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn. Bí òróró sì ti ń jò sára kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù nínú àpótí gíà, tí ó yẹ kí ó gba nǹkan bí lítà 3.5. Ìdí nìyẹn tí gíà fi ń ké.

Nítorí náà, kí a tó tún sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò. Bí gíà kò bá wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí a bá pa á, kílọ́ọ̀ṣì ni kò já tán. Kí a wo wáyà rẹ̀, bóyá ó ti fà. Bí ó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ni ó ń ké, inú àpótí gíà ni àrùn wà. Bí ariwo bá ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò, kí a fura sí bíárìn. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwo ń yọ̀, kí a fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú ọkọ̀, kí a fi í sí gíà kẹta, kí a sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì níláti kú. Bí kò bá kú, àwo ń yọ̀.

Bí ó bá sì di dandan kí a sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, kí a pààrọ̀ àwo, irin tí ń tẹ̀ ẹ́, bíárìn àti síìlì méjèèjì, ti ẹ́ńjìnì àti ti gíà, lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a wo ojú fúláìwíìlì bóyá ó ti sán. Kí ẹnikẹ́ni má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku àwo àtijọ́, nítorí pé asbestos tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Òróró gíà tí a ó sì rọ, irú èyí tí a kọ GL-4 sí lára agolo rẹ̀ ni kí ó jẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ìtìsẹ̀. Bí ẹ bá dúró lórí òkè, bíréèkì ọwọ́ ni kí ó di ọkọ̀ mú, kí ó má ṣe jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun mẹ́ta ni a ń tọrọ lọ́wọ́ ìpàdé yìí. Èkíní, kí a má ta ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí bàbá ti pààrọ̀ síìlì, òróró kò jò mọ́, ó sì ń gun òkè Ìfàkì láìsí wàhálà. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra ìwé kan, kí a máa kọ ọjọ́ àtúnṣe, ohun tí a pààrọ̀ àti ìdí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fi méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sí ọ̀dọ̀ bàbá náà, kí wọ́n kọ́ṣẹ́, kí ẹgbẹ́ sì san owó ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá ti dàgbà. Bí imú tí ó gbóòórùn àwo náà bá sinmi láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ, owó kílọ́ọ̀ṣì tí a ó tún ná yóò pọ̀ ju èyí tí a ti ná lọ.

Kí Kábíyèsí pẹ́ lórí ìtẹ́, kí ìlú wa sì máa gòkè. Àṣẹ.