Ginger Baker àti Ìbéèrè Orúkọ Onílù



Ní ọdún 1966 ni Eric Clapton, Jack Bruce àti Ginger Baker dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin blues, ohùn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi gìtá oníná gbé kalẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, wọ́n tú ká. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ péré!

Onílù wọn ni ó kàn wá. Nínú “Toad” (1966), Baker jẹ́ kí ìlù gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyáàlù rí kò ní ṣe háà. Lẹ́yìn Cream, ó yíjú sí Èkó. Ní 1973 ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwo tí ó bá Fela ṣe ní 1971: orúkọ Baker wà nínú àkọlé, ti Tony Allen, onílù Africa ’70 gan-an, kò sí níbẹ̀. Èmi kò ka èyí sí ọ̀rọ̀ kékeré. Àlejò ni ìwé ń rántí.

Àwọn tí ń lùlù ní ọdún Ògìyán ní Èjìgbò ńkọ́? Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ wọn.