Kí A Tó Gbé Fóònù Síwájú Aláìsàn
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ níbi àyájọ́ ẹgbẹ́)

 

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa, láti ìsọ̀ aláta, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú n'Íbàdàn. Láti Ṣakí débẹ̀ kì í ṣe ìrìn kékeré, owó ọkọ̀ sì ti di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká máa pè é lórí WhatsApp, ká máa rí ojú ara wa.

Ìpè àkọ́kọ́, àwa la bà á jẹ́. Gbogbo wa rọ́ bo fóònù kan lọ́jọ́ ìpàdé. Bá a ṣe rí i pé irun orí rẹ̀ ti re, ẹnì kan kígbe "Yé!", ẹlòmíì bú sẹ́kún. Ó pa fóònù. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò gbé ìpè wa. Àánú wa ló lé e.

Aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ló tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́, ó bi í bóyá ó fẹ́ ká ríra, àbí ká kàn sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbà, orí àtẹ ló kọ fóònù sí: ata rodo, tàtàṣé, tòmátì. Aláìsàn wò ó títí, ó ní, "Ta ló to tòmátì báyìí? Èyí tó ti rọ̀ lẹ kó sókè!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ló wá sọ pé òun kì í sùn lóru, ẹ̀rù ń ba òun nítorí àwọn ọmọ. Kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Láti ìgbà náà, ẹni méjì péré ló ń pè é, nígbà tóun fúnra rẹ̀ bá dá. Bó bá dákẹ́, wọ́n á bá a dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán rẹ̀ kiri o! Ó gbà ká sọ ti àìsùn yẹn fún dókítà, wọ́n sì ti ń tọ́jú ẹ̀. Ní UCH, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé dídẹ ìrora àti ìdààmú ọkàn aláìsàn líle niṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ti ẹni tó ń kú lọ nìkan. Ẹni tó bá ní aláìsàn nílé, kó béèrè.

Àpò ìrànlọ́wọ́ la ó ti máa yọ owó dátà. Lọ́la, ó ní ká gbé fóònù dé ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́. Ẹnì kan jẹ ẹ́ lówó níbẹ̀.