Átọ́ọ̀mù Kan àti Ìjókòó Rẹ̀



Àwọn ọkọ̀ tí ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa ní Wásinmi ń tú carbon monoxide sínú afẹ́fẹ́: kò ní òórùn, ṣùgbọ́n a máa pa ènìyàn. Nínú ọ̀pá èéfín ọkọ̀ púpọ̀ ni a fi platinum sí, kí ó lè sọ ọ́ di irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Platinum ń mú iṣẹ́ náà yá, òun tìkára rẹ̀ kì í sì í run. Ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ti platinum kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá dì pọ̀, àwọn ti inú kì í rí iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 2011, Zhang Tao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dalian, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ohun tí ó dà bí ìpáàrà irin.

Ẹ má ṣe rò pé àga lásán ni ìpáàrà náà. Ọ́síjìn inú rẹ̀ ni ó so átọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀, kí ó má baà rìn lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sì ń gba díẹ̀ nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni platinum kò fi di carbon monoxide mú ju bí ó ti yẹ lọ, tí iṣẹ́ fi ń tẹ̀síwájú. Bí a bá pààrọ̀ ìjókòó, ìwà átọ́ọ̀mù a yí padà.

Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́ tán: ẹni tí a bá pè pé kí ó wá sinmi, ó yẹ kí á fún un ní ibi tí yóò sinmi lé.