Ohun Kan Ṣoṣo Ni Kí Ó Yàtọ̀



Bí àgbẹ̀ Ìlobùú àti ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun bá gbé iṣu wá sọ́jà, tí ti ọ̀kan sì tóbi jù, kíákíá ni a óò wí pé ilẹ̀ rẹ̀ ni ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ èbù ni, tàbí ajílẹ̀, tàbí pé ó tètè gbìn. Ẹni tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ra ajílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé èbù ni ó fa ìyàtọ̀, ti ṣòfò.

Ní 1747, James Lind, oníṣègùn nínú ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, mú atukọ̀ 12 tí àrùn tí ń mú erìgì ṣẹ̀jẹ̀ ń dà láàmú. Ibi kan náà ni wọ́n sùn sí, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Àwọn tí ó jẹ ọsàn ni ara wọn tètè yá. Ní ọjọ́ 6, ọ̀kan nínú wọn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí àwa náà gbin èbù láti inú àká kan, ní ọjọ́ kan, nínú ebè tí ó dọ́gba: 20 ní ìhà Ìlobùú, 20 ní ìhà Ìfọ́n. Ebè kan péré kò tó. Òkété lè jẹ ẹ́. Òjò ńkọ́? A kò lè so ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a lè gbé agolo sí oko méjèèjì kí a máa wọn omi inú rẹ̀. Bí a bá wu iṣu, òṣùwọ̀n ni kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú ọmọ ìlú.

Èbù ti wà lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò yọ̀ǹda ilẹ̀?