Ìwé Afọ̀nàhàn Wo Ni Kí Òṣìṣẹ́ Mú Lọ Sí Ilẹ̀ Òkèèrè?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwé àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́. Ó kàn wá gan-an. Ìsinmi kì í ṣe àánú tí ọ̀gá ń ṣe wá. Ẹ̀tọ́ wa ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba ìsinmi, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi iṣẹ́ kan, lọ́pọ̀ ìgbà, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá àwọn ọ̀gá ṣe ló mú un pọ̀ sí i. Ohun tí a fi ìjà gbà, kò yẹ kí á fi àìmọ̀ sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Àwa mẹ́rin nínú ẹ̀ka yìí kó owó àjọ wa jọ, a ní kí á lọ wo Kútọnu àti Àgbómẹ̀ ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. A ra ìwé afọ̀nàhàn kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àwòrán inú rẹ̀ dùn ún wò, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí á tó dé Kútọnu. A wá ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú tí ìwé náà júwe títí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta irin ìkọ́lé ni a bá níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ilé àlejò náà ti kógbá sílé, ó ti pẹ́. Ibi tí a padà rí sùn sí gba owó tí a fẹ́ fi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa ní òru ẹyọ kan. A kò dé Àgbómẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wa ti ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀ pé òun yóò wá sọ bí ààfin àwọn ọba Àgbómẹ̀ ṣe rí fún un. Nígbà tí ó délé, kò rí nǹkan kan sọ.

Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí ẹni tí a bi bá mọ ọ̀nà. Ìwé afọ̀nàhàn, ẹni tí à ń bi ní ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó tẹ̀ lé e.

Èkíní, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ló máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ dán an wò. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Benin, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun wọn kó ní Àgbómẹ̀ ní ọdún 1892. Ìwé tó bá ṣì ń sọ pé Párísì ni ẹ ti máa rí wọn, ìwé àtijọ́ ni. Ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ère obìnrin jagunjagun tó ga ní mítà 30 ní Kútọnu. Ìwé tó bá ṣíwájú ìyẹn kò lè mọ̀ ọ́n. Ní ti owó, ẹ má gbọ́kàn lé iye tí wọ́n bá ṣírò sí náírà, nítorí ẹ rí bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti ọdún 2023. Ìwé tó bá kọ iye náà sí sẹ́fà sàn jù. Kí ẹ béèrè pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà gan-an kí ẹ tó gbéra.

Èkejì, ẹ béèrè pé ta ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní ọdún 1900, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò André àti Édouard Michelin, tí wọ́n ń ṣe táyà ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé afọ̀nàhàn kan, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń wa mọ́tò. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Èrò wọn yé ẹ̀yin awakọ̀: bí ọkọ̀ bá ṣe ń rìn tó, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń jẹ tó. Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní mọ́tò ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹ wá fi wé èyí. Ní ọdún 1936, Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé afọ̀nàhàn fún àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, dúdú lè wa ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kí ó má rí ilé àlejò tó máa gbà á tàbí ilé oúnjẹ tó máa tà fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀mí rẹ̀ gan-an wà nínú ewu. Green béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń pín lẹ́tà àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ka ìwé náà, ó sì kó ibi tí wọ́n ti máa gba dúdú tọwọ́-tẹsẹ̀ jọ. Ìwé náà ń jáde títí di nǹkan bí ọdún 1967. Òṣìṣẹ́ ló kọ ọ́ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní.

Ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lórí àtẹ, àlejò láti Yúróòpù ni wọ́n kọ wọ́n fún. Wọ́n á fi ojú ewé mélòó kan sọ ọ̀rọ̀ físà, bẹ́ẹ̀ àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ Benin láìgba físà, kí á sì lo 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì wa ni kí á mú dání. Wọ́n á ní ẹni tí kò gbọ́ Faransé yóò jìyà, bẹ́ẹ̀ bí o bá dé Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, wàá rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ìwé náà kò purọ́. Kò mọ̀ ọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán an wò pẹ̀lú ìlú tí ẹ mọ̀. Ìwé tó bá sọ̀rọ̀ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní ṣàì sọ ti Èkó tàbí Ìbàdàn. Ẹ ṣí ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Gáréèjì tó júwe, ṣé ibẹ̀ ló ṣì wà? Bí ó bá ṣìnà ní ilé yín, kí ni yóò ṣe ní ìdálẹ̀?

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo bí ó ṣe sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ibùsùn olówó kékeré. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́fà kò ní àkókò ìwákúwàá. Ìwé tó dára yóò ní máàpù tó ṣeé kà. Yóò sọ gáréèjì tí ọkọ̀ Àgbómẹ̀ ti ń gbéra, àti bí ẹ ṣe máa wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ganvié, ìlú tó wà lórí ọ̀sà. Yóò sọ pé zémidjan ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà níbẹ̀, kí ẹ sì dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún.

Bí ìwé tuntun bá wọ́n jù, kí ẹni mẹ́rin dáwó ra ẹyọ kan. Kí ẹ sì da ohun tí ẹ máa nílò kọ sínú ìwé kékeré.

Àbá tí a mú wá sí ìpàdé yìí rèé: kí ẹ̀ka wa ní ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ìrìn àjò dé, kí ó kọ ọjọ́ tí ó lọ, gáréèjì tí ó ti wọkọ̀, owó ọkọ̀, ibi tí ó sùn, àti iye tí ó san. Àwa mẹ́rin ti kọ tiwa sí ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ilé àlejò tí kò sí mọ́ yẹn, kí ẹlòmíràn má bàa tún wá a lóru.

Ìsinmi yín á tù yín lára o. Àlọ ire, àbọ̀ ayọ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!