Kíka Ẹyẹ Apẹran Tó Ń Rìnrìn Àjò

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwòdì máa ń ti ilẹ̀ ọ̀dàn òkè Ọya sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù, títí dé agbègbè Erinje àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yòókù. Wọ́n á lo ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, wọ́n á kọ́ ìtẹ́, wọ́n á pamọ. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á padà. Ẹyẹ apẹran mìíràn, pàápàá irú èyí tó ń jẹ ọmọ agbọ́n, ń ti Yúróòpù wá sínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ooru tó ń ru láti ilẹ̀ ló ń gbé wọn gòkè láìju apá. Ooru yìí ṣọ̀wọ́n lójú òkun, ìyẹn ni wọ́n fi ń gba ibi tí omi ti há, bíi Gibraltar, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ. Irú ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń kà wọ́n. Ní Batumi, ní orílẹ̀-èdè Georgia, iye wọn ń kọjá mílíọ̀nù 1 ní ìgbà ìwọ́wé.

Ẹni tó ń kà kì í kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yí po lókè. Ó ń dúró kí wọ́n tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ń fi ìrísí apá àti ìrù dá wọn mọ̀, ó sì ń kọ afẹ́fẹ́ àti ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí níye lórí gan-an. Àkọsílẹ̀ ibùdó ààbò ẹyẹ Hawk Mountain ní Amẹ́ríkà, tí Rosalie Edge dá sílẹ̀ ní 1934, fi hàn pé ọmọ idì ń dín kù. Òǹkọ̀wé Rachel Carson lo àkọsílẹ̀ yìí ní 1962 láti tú àṣírí ewu oògùn apakòkòrò DDT.

Kí ará Erinje náà máa kọ ọjọ́ tí àwòdì dé sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lọ, lọ́dọọdún.