Ti Ọrùn Rẹ̀ Ni À Á Wò: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tí Yóò Ṣe Aṣáájú



Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó gbà pé ọjọ́ tí ènìyàn bá gba ipò ni aṣáájú bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí ó bá di ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí alága nínú ẹgbẹ́. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ó ń dúró. Bí ó bá sì dé, ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ti ń ṣàkóso wákàtí mẹ́rìnlélógún tirẹ̀ ni a ó gbé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lé lọ́wọ́. Òun a dààmú, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì jìyà.

Àwọn òǹkọ̀wé méjì kan wà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí iṣẹ́ ti ń lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ènìyàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni kìíní ni Peter Drucker. Ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria ni a bí i sí ní 1909. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Frankfurt, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin níbẹ̀ ní 1931. Nígbà tí Hitler gba ìjọba Jámánì ní 1933, ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù; ní 1937 ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1943, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors pè é pé kí ó wá wo bí àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí ó kọ lórí ohun tí ó rí jáde ní 1946, kò sì dùn mọ́ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ nínú, nítorí ohun tí ó rí ni ó kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Títí ó fi kú ní 2005, kò dẹ́kun ìwé kíkọ.

Nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1967, The Effective Executive, Drucker sọ ìtàn alága ilé-iṣẹ́ kan. Ó dá ọkùnrin yìí lójú pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun pín àkókò òun sí: ìdá kan fún àwọn ọ̀gá tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ìdá kan fún àwọn oníbàárà ńlá, ìdá kan fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n wá ń kọ ohun tí ó ń fi wákàtí rẹ̀ ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àkókò kankan tí ó lọ sórí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń lé ọjà tí àwọn oníbàárà ojúlùmọ̀ rẹ̀ béèrè kiri, tí ó ń fi tẹlifóònù yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu lórí iṣẹ́ tí ì bá lọ déédéé bí kò bá dá sí i. Nígbà tí akọ̀wé rẹ̀ kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ náà wá, kò gbà á gbọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbà.

Alága yìí kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe ni ọkàn rẹ̀ sọ di ohun tí òun ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún gbogbo olóyè ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ní ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni ó jẹ òun lógún lè rí i pé ìpàdé àti àríyànjiyàn ni ó gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ́ tí ó ń wá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wí pé òun kò ní àkókò tí òun yóò kọ sílẹ̀. Wákàtí ni owó tí ó kù lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì rí owó oṣù gbà; kí ó mọ ohun tí ó ń ná an sí.

Ní 1999, Drucker tún kọ̀wé nípa bí ènìyàn ti lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun pàtàkì kan, kí ó kọ ohun tí ó ń retí sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan, kí ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí ó kọ. Òun fúnra rẹ̀ ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yà á lẹ́nu láti rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó yé òun gan-an, ṣùgbọ́n òun àti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ní ẹ̀ka kan pàtó kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Kò ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí: ìṣirò ara ẹni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní muhasaba, ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń fi kálàmù ṣe é?

Ẹni kejì ni Robert Greenleaf. Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T, láti 1926 sí 1964. Ní 1970, ó kọ ìwé pélébé kan nípa aṣáájú tí í ṣe ìránṣẹ́. Ìtàn àròsọ Hermann Hesse, ọmọ Jámánì, ni ó ta á jí: àwọn kan ń rìnrìn-àjò, ìránṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Leo ń bá wọn ru ẹrù, ó ń fi orin dá wọn lára yá. Lọ́jọ́ kan, Leo pòórá. Àwọn èrò náà sì tú ká. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé Leo gan-an ni olórí ẹgbẹ́ tí ó rán wọn níṣẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí Greenleaf ní kí a fi dán aṣáájú wò kì í ṣe iye ènìyàn tí ń tẹ̀lé e. Ìbéèrè náà ni pé: àwọn tí ó ń sìn, ǹjẹ́ wọ́n ń dàgbà sí i? Ǹjẹ́ ọgbọ́n wọn ń pọ̀, ǹjẹ́ wọ́n lè dá dúró, ǹjẹ́ àwọn náà ń di ẹni tí ń sin ẹlòmíràn? Aláìní tí ó wà láàrin wọn ńkọ́, ṣé ara tù ú ni, àbí ó tún burú sí i? Alága tí ó lo ọdún mẹ́wàá lórí oyè, tí kò sí ẹnìkan tí ó lè di ipò rẹ̀ mú bí ó bá rìnrìn-àjò, kí ó má ṣe fi ọdún mẹ́wàá náà yangàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ bí ó ti ń lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹ má ṣe gbé e lé iyè nínú. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ tàbí oyè kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí, kí ẹ sì ṣí i wò lẹ́yìn ọdún kan. Kí ẹ sì mú ẹnìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò nínú ilé, tí yóò mọ ohun kan sí i nítorí pé ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sí èyí tí ó ń dúró de oyè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá ṣe wọ́n nísinsìnyí, bí oyè bá dé, yóò bá aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba ràn wá lọ́wọ́. Àmín.